Bọ́tìnnì Mẹ́rìnlélógún

Ọ̀sẹ̀ kejì tí sáà ẹ̀kọ́ wọlé ni mo já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn ilé ìwé wa. Mo di ẹrù aṣọ eré mọ́ àyà débi pé mi ò rí ẹsẹ̀ ara mi. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń pariwo pé kí n rọra, èmi náà sì ń dá wọn lóhùn pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹnu ọ̀rọ̀ yẹn ni mo wà tí mo fi dé ilẹ̀. Egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún mi dá sí méjì. Wọ́n fi símẹ́ńtì funfun dì í, wọ́n gbé mi lọ sílé lọ́dọ̀ ìyá mi, ibẹ̀ ni mo sì jókòó sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko.

Iṣẹ́ rírán aṣọ fún eré orí ìtàgé ni mò ń kọ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi ìdùbúlẹ̀ kọ́. Olùkọ́ wa, obìnrin kan tí a ń pè ní Aláago nítorí aago kékeré tó fi ń wọn ìṣẹ́jú, tó máa ń so kọ́ ọrùn, kọ lẹ́tà sí mi pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Ní ìparí sáà, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan máa rán aṣọ kan fún eré ńlá ilé ìwé. Bí tèmi bá yege, òun á gbójú fo gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mi ò sí ní kíláàsì. Bí kò bá yege, kí n padà wá tún ọdún náà kà pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, mo ká a, mo tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo sọ ọ́ sókè ketekete pé èmi ò ní tún ọdún kankan kà.

Ìyá mi tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà dúró. "Ta lò ń bá jà?"

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, Màmá. Ara mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra o," ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí ìsinmi àárín sáà bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi wá kí mi. Rédíò ni gbogbo wa ń pè é, ẹni tó bá sì ti jókòó tì í fún ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní béèrè ìdí. Kò tíì bọ́ bàtà tán tí ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé fáìlì kan lé mi lẹ́sẹ̀, orí símẹ́ńtì gan-an. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà kọ fún mi láìfo ìlà kan, pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ aṣọ eré.

"Èmi ni mo bá ẹ mú ìbò," ó ní. "Fojú inú wò ó, kí lo rò pé mo mú? Aṣọ ayaba!"

Mo hó yèè. Nínú gbogbo aṣọ inú eré náà, aṣọ ayaba ni gbogbo kíláàsì ń lé. Àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé iṣẹ́: àrán pupa tó gùn délẹ̀, apá tó fún mọ́ ọrùn ọwọ́, bọ́tìnnì kéékèèké tí a fi aṣọ bò, tí wọ́n tò láti ẹ̀yìn ọrùn dé ìbàdí. Ìwọ̀n ẹni tó máa wọ̀ ọ́ náà wà níbẹ̀, kò sí ohun tó kù. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

"Dúró ná," Rédíò ní, "ìwé kan ṣì kù, ti ìran kẹta. Báàgì mi kejì ni mo gbàgbé ẹ̀ sí. Ní ìran kẹta yẹn, Ayaba..."

"Ìyẹn á dúró," mo ní. "Wọ́n ní akọ̀wé ilé ìkàwé àti olùkọ́ ijó ń fẹ́ra wọn. Ṣé òótọ́ ni?"

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ti ilẹ̀kùn yẹn. Wákàtí mẹ́ta gbáko la fi sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ nípa ẹni tó fá orí rẹ̀ nítorí tẹ́tẹ́. Mo gbọ́ nípa ẹni tó kó kúrò nínú yàrá nítorí pé ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ń hanrun, tó wá bá ẹni tó ń hanrun jù bẹ́ẹ̀ lọ pàdé. Mo mọ ibi tí kálukú ti fẹ́ lo ìsinmi, mo mọ ẹni tó ń parọ́ nípa ibi tó ń lọ. Tíì wa tutù, a gbé e kaná, ó tún tutù. Nígbà tí Rédíò fi máa dìde, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní sáà náà tí mi ò mọ̀, àfi èyí tó kàn mí.

Ìyá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tó wà níwájú ilé wa. Maṣíìnì méjì ló wà níbẹ̀, tábìlì ìgéṣọ kan, dígí gígùn kan tó ti sán ní igun, àti àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sí. Ohun tó fi ń yangàn láyé ni pé aṣọ tí òun bá rán kì í tú. "Ẹni tó ni ín á gbó, ọmọ rẹ̀ á gbó, ojú rírán mi á ṣì wà níbẹ̀." Bí wọ́n bá gbé aṣọ tí ẹlòmíì rán wá fún àtúnṣe, kì í wo òde rẹ̀. Á kọ́kọ́ yí inú rẹ̀ síta, á wò ó títí, á wá mí kanlẹ̀. Àwọn oníbàárà máa ń bẹ̀rù ìmí yẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi ni mo fi ṣe aṣọ ayaba. Èmi ni mo gé e, maṣíìnì ọlọ́wọ́ ni mo fi rán an nítorí ẹsẹ̀ mi. Ìyá mi ń kọjá, ó ń fi ẹnu tọ́ mi sọ́nà, kò fọwọ́ kàn án, títí a fi dé ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì. Ibẹ̀ ni ara rẹ̀ ò ti gbà á mọ́.

"Fi ihò bọ́tìnnì sílẹ̀ fún mi," ó ní. "Maṣíìnì kì í ṣe é dáadáa."

Ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Àárọ̀ nìkan, nígbà tí oòrùn bá wọ ojú fèrèsé, ló lè ṣe iṣẹ́ tó kéré bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta ló ń ṣe lójúmọ́. Bó bá parí ọ̀kan, á fi àtàǹpàkò rẹ̀ rá a lójú, síwá sẹ́yìn, kó tó bọ́ sí òmíràn. Ọjọ́ mẹ́jọ, ihò mẹ́rìnlélógún. Nígbà tó parí, ó ní òun ti bá aládùúgbò wa sọ ọ́ kó bá òun wo ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé eré, nítorí òun fẹ́ wá fojú ara òun rí ayaba tó máa wọ̀ ọ́. Inú mi dùn débi tí mo fi gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Wọ́n tú símẹ́ńtì, mo fi ọ̀pá padà sí ilé ìwé. Ní Ọjọ́ Ajé, a kó aṣọ wá sí yàrá ìmúra tó wà lẹ́yìn ìtàgé. Wọ́n gbé tèmi kọ́ sórí irin, gbogbo kíláàsì sì pé yí i ká. Aláago yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Ó yí inú rẹ̀ síta bíi ti ìyá mi gẹ́lẹ́. Ó fọwọ́ kan ihò bọ́tìnnì kan.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ìyá mi ni, Mà. Èmi ni mo rán ìyókù."

"Mo rí i pé ọwọ́ àgbà ni. Kò burú, mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gba ìrànlọ́wọ́." Ó dá aṣọ náà padà sójú. "Ó dára gan-an. Báwo ni Ayaba ṣe máa bọ́ ọ?"

Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré. "Ṣebí wọ́n á tú bọ́tìnnì ni, Mà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo wo Rédíò. Ó ti fọwọ́ bo ẹnu.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé ìran kẹta. Ayaba máa di alágbe lójú gbogbo ènìyàn. Iná ò ní kú, aṣọ ìkélé ò ní wálẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ààfin máa dúró lẹ́yìn rẹ̀, bí a bá sì ka ení títí dé ẹ̀wá, aṣọ ayaba ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, kí àkísà tó wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ hàn. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni Aláago fi gbogbo ọjọ́ kan kọ́ wọn bí a ṣe ń rán aṣọ tí ó gbọ́dọ̀ bọ́ kíá. Èmi wà nílé, mò ń fi símẹ́ńtì gbé ife tíì. Ẹ̀kọ́ náà wà nínú fáìlì Rédíò, ṣùgbọ́n àwòrán aṣọ ayaba nìkan ni mo wò níbẹ̀.

Aláago tẹ aago rẹ̀. Wọ́n ti wọ̀ ọ́ fún Ayaba; èèyàn méjì dojú kọ bọ́tìnnì náà, ọ̀kan láti òkè, èkejì láti ìsàlẹ̀. Ihò tí ìyá mi ṣe ò gbà gbẹ̀rẹ́ rárá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá dáadáa kí wọ́n tó parí. Ayaba fúnra rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin gíga kan tí ẹnu rẹ̀ mú, sọ̀rọ̀ láti inú àrán pé, "Ṣé kí n máa kọrin fún àwọn èrò ìwòran títí ẹ ó fi ṣe tán?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mo ń wá ibi tí mo máa wọ̀.

"Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́," Aláago ní. "Kíkà mẹ́wàá. Bí kò bá ṣeé ṣe, ògbólógbòó aṣọ tó wà ní sítọ́ọ̀ la ó lò. O mọ ohun tí mo kọ sínú lẹ́tà."

"Mo mọ̀ ọ́n, Mà," mo ní. "Ó máa ṣeé ṣe."

Mi ò tíì mọ bó ṣe máa ṣeé ṣe. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ó di dandan kí ìyókù mi tẹ̀ lé e.

Rédíò bá mi dé yàrá pẹ̀lú omijé. "Jẹ́ kí n lọ sọ fún un pé èmi ni mi ò fún ẹ ní ìwé yẹn. Á fún ẹ láàyè sí i."

"O ò ní lọ síbì kankan. O fẹ́ sọ fún mi, èmi ni mo ní kó dúró. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi béèrè ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, mi ò fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá béèrè iṣẹ́ mi. Jókòó, bá mi ronú."

Ó nu imú rẹ̀. "Gé ibi ihò yẹn sọ nù, ká fi ìdè tó máa ń lẹ̀ mọ́ra sí i, bíi ti bàtà ọmọdé."

"Kó máa dún fàààà lórí ìtàgé? Ẹni tó bá ti sùn á jí. Aláago ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀."

Ṣùgbọ́n yálà ìdè tàbí ìkọ́, ó dà bíi pé kò sí èyí tó máa ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ihò tí ìyá mi ṣe kúrò níbẹ̀. Mo mú abẹ. Mo gbé ẹnu rẹ̀ ka ihò àkọ́kọ́, ọwọ́ mi sì kọ̀. Mo fi abẹ sílẹ̀, mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo rò ó fún un látòkè délẹ̀. Mo ń gbọ́ maṣíìnì rẹ̀ lódì kejì. Níbi kan nínú ọ̀rọ̀ mi, maṣíìnì náà dákẹ́.

"Ihò mẹ́rìnlélógún," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O sì lajú sílẹ̀ tí mò ń ṣe é."

"Mi ò mọ̀ nígbà yẹn, Màmá. Mi ò béèrè. Òfófó ni mò ń gbọ́."

Ó mí kanlẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ, mi ò rán aṣọ kankan rí pé kó lè tú. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò lè bá ẹ ṣe é. Ohun tó bá wù ẹ́, ṣe é." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Kò sọ bóyá òun ṣì ń bọ̀ ní Sátidé.

Ó dùn mí wọra. Mo sunkún, mo nu ojú mi, ìgbà tí mo nu ún tán ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, kì í ṣe sí i, sí ara mi. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Mo ní ọdún yìí ni màá ṣe, ihò yẹn náà ni màá fi ṣe é. Ẹnikẹ́ni ò ní gé e.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó gbogbo bọ́tìnnì náà sínú ihò wọn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún, mo sì fi òwú rán wọn pa síbẹ̀ pátápátá. Wọn ò ní ṣí mọ́ láyé. Lẹ́yìn náà, mo la ẹ̀yìn aṣọ náà ní ìwọ̀n ìka kan sí ẹ̀gbẹ́ wọn, kí etí ibi tí bọ́tìnnì wà lè bo ojú ìlà náà. Ẹni tó bá ń wòran á rí bọ́tìnnì, á rò pé ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà gidi wà lábẹ́. Bí ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ karùn-ún ṣe wí, mo fi okùn ṣe òrùka kéékèèké sí etí méjèèjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí wọ́n máa wọ àárín ara wọn, kí ohun kan ṣoṣo gba inú gbogbo wọn kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí o bá fa ohun náà yọ, gbogbo òrùka á jáwọ́ lára wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Wàhálà wá ni ohun tí màá kì bọ inú òrùka. Mo fi okùn òwú ṣe é, ó há sí òrùka kẹwàá. Mo fi wáyà ṣe é, ó ká, ó sì họ Ayaba lẹ́yìn. Ayaba bú mi, bó ṣe ń bú mi náà ló ń dúró kí n tún un ṣe, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Títí ọ̀sán Ọjọ́rú, kò sí èyí tó gbọ́ràn.

Mo jókòó ti fèrèsé, ariwo maṣíìnì ìgékoríko sì ń da ọpọlọ mi rú. Mo yọjú kí n lè bá ẹni tó ń gé koríko jà. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó ń yí lẹ́nu maṣíìnì rẹ̀: okùn ọ̀rá tó nípọn, tó le, tó ń dán. Mo gbàgbé ìjà. Mo fi ọ̀pá sáré sọ̀ kalẹ̀, bí ẹlẹ́sẹ̀ kan àbọ̀ bá lè sáré.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi nínú okùn yìí."

Ó wo ọ̀pá mi, ó wo ẹsẹ̀ mi. "Kí lo fẹ́ fi gé? Èyí tó kù yẹn ni?"

"Aṣọ ayaba ni mo fẹ́ fi bọ́, ẹ̀gbọ́n."

Ó ní òun ò ní béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gé èyí tó tó apá méjì fún mi, ó sì padà sí koríko rẹ̀, ó ń mi orí.

Okùn náà ká bí ìrù ajá. Rédíò ló sáré lọ gbé fáìlì tó dà kọ fún mi, tó ṣí i sí ọ̀sẹ̀ kẹrin, tó fìka sí ìlà kan pé ọ̀rá tó bá ká, omi gbígbóná ni kí a fi nà án. Òun ló kọ ọ́, ó sì ti gbàgbé pé òun kọ ọ́. A nà án. Ó wọ inú òrùka kọjá wẹ́rẹ́. Mo fà á, àrán pupa náà là láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò dún rárá. Rédíò dì mọ́ mi, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ṣubú.

Kò tíì tán o. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹ̀yìn là, ọwọ́ Ayaba há sínú apá aṣọ, a ka ogún kó tó yọ. Mo tú ọrùn ọwọ́ méjèèjì, mo fi rọ́bà sí i. Mẹ́tàlá. Mo ní kí Ayaba máa na ọwọ́ síwájú kí ẹ̀ṣọ́ tó fa okùn. Mọ́kànlá. A tún un ṣe títí òógùn fi bò wá. Nígbà tó di aago mẹ́rin, Aláago tẹ aago rẹ̀, àwa náà ń kà. Mẹ́sàn-án.

"Mo gbọ́," ó ní. "Ojú ìtàgé ni mo ti máa fọwọ́ sí i."

Ọ̀sán Sátidé, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, mo yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ìyá mi wà lórí ìlà kẹta. Ó jókòó ṣánṣán, báàgì rẹ̀ lórí itan, kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Ó wá.

Ìran kẹta dé. Ayaba yíjú sẹ́yìn, gbogbo bọ́tìnnì náà sì tò lábẹ́ iná. Mo rí i tí ìyá mi tẹ̀ síwájú lórí àga. Ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́. Mo ń kà sínú. Ení, èjì, ẹ̀ta. Okùn jáde. Ẹ̀yìn aṣọ là, apá bọ́, àrán wó lulẹ̀, alágbe kan sì dúró sáàárín rẹ̀ nínú àkísà. Mẹ́jọ. Gbogbo ilé ké "háà!" lẹ́ẹ̀kan. Ìyá mi nìkan ló dìde dúró, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Lẹ́yìn eré, Aláago fọwọ́ sí ìwé mi lórí ògiri, ó fi pẹ́ẹ̀nì gbá mi léjìká fẹ́rẹ́, ó kọjá lọ. Mi ò ní tún ọdún kà mọ́. Ó yẹ kí n fò sókè, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò.

Ìyá mi wọlé. Mo kúnlẹ̀ kí i pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó dára. Ó ní, "Gbé e wá." Mo gbé aṣọ náà fún un. Ó yí inú rẹ̀ síta. Ó fi àtàǹpàkò wá ibi tó mọ̀, ó bá ihò àkọ́kọ́ pẹ̀lú bọ́tìnnì rẹ̀, ó bá ìkejì. Ó fọwọ́ ka gbogbo wọn pé. Kò fo ọ̀kan.

"O ò gé e," ó ní.

"Mi ò lè gé e, Màmá."

"Lórí ìjókòó mi níbẹ̀ yẹn, mo ti ń sunkún iṣẹ́ ọwọ́ mi." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí àrán náà láìmọ̀. "Tún un so."

Mo ki okùn bọ inú òrùka, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gba ẹnu okùn náà lọ́wọ́ mi, ó fà á. Aṣọ náà là lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fò sẹ́yìn díẹ̀. Ó ní kí n tún un so. Ó tún fà á. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà kẹrin, kò fà á mọ́. Ó dì í mú, ó tẹjú mọ́ òrùka náà títí, ó sún mọ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Kọ́ mi," ó ní.

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo fa àga kan sí ẹ̀bá fèrèsé fún un, mo sì ní kí Rédíò mú ìwé tó kù sínú báàgì rẹ̀ kejì wá.

"Ẹ jókòó, Màmá," mo ní. "Ìran kẹta la ó ti bẹ̀rẹ̀."